Àtàǹpàkò Mi Ni Mo Tẹ̀ Síwájú Orúkọ Bàbá

Ẹ dákun, ẹ̀yin ará ojú-ìwé yìí, ẹ kà á tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Admin, jọ̀ọ́, fi orúkọ mi pamọ́, torí ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó ló wà níbí, ọkọ mi gan-an a sì máa wọ ibí láti wá fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ti ṣe ohun tí kò dáa. Mo fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi tẹ ìwé ní orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọkùnrin tó tọ́ mi dàgbà, kò sì mọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń ṣe àlùwàlá tí mo kan ọwọ́ òsì yẹn, ojú ara mi ń tì mí. Mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún. Ọ̀la ni nǹkan náà máa bẹ́, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbi ní àkókò ìsinmi ọ̀sán wa, ẹ má wo bí mo ṣe ń to ọ̀rọ̀...

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ni mo ń to ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, èmi náà ni mo ń ka proof láti yọ àṣìṣe kúrò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Kí n má purọ́, mo mọ iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá gbé ìwé ìpè ìgbéyàwó wá tó kọ orúkọ àna rẹ̀ ní kọ́lọkọ̀lọ, màá ti fojú bú u kí n tó bá a tún un ṣe. Alhaja, ọ̀gá wa tó ni ilé ìtẹ̀wé, máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé bí àṣìṣe bá fi lè kọjá lójú mi, àìsàn ló ń ṣe mí. Mo máa ń gbọ́ ọ, inú mi a sì máa dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa jù ni ti ilé ìgbìmọ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀ kan, ẹ má béèrè ti ibo. Bí wọ́n bá jókòó lónìí, akọ̀wé ilé á fi àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ránṣẹ́ sí mi, màá tò ó, a ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan á sì ti wà lórí tábìlì kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tún jókòó. Ohun àkọ́kọ́ tí alága á bi wọ́n ni bóyá àṣìṣe wà nínú àkọsílẹ̀ ìjókòó tó kọjá. Bí kò bá sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó parí, ohun tí a tẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Àwa náà là ń tẹ àwọn àbádòfin wọn, ohun tí gbogbo wa ń pè ní bill. Bí bill bá kan ilẹ̀ abúlé kan, ìlànà wọn ni pé kí á tẹ ẹ̀dà Yorùbá, kí á gbé e lọ sí abúlé náà, kí àgbà ibẹ̀ gbà á kó sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé òun rí i gbà, kí àwọn ará ibẹ̀ lè kà á kí wọ́n tó wá sọ tẹnu wọn níbi public hearing. Bí ìwé náà ò bá dé ọwọ́ wọn, wọn ò lè ka bill yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì lè di òfin. Alhaja ló gbà pé àwa la ó máa bá wọn gbé e kiri, torí wọn kì í rí ọkọ̀ lò. Ibi pípín yìí gan-an ni mo ti ba nǹkan jẹ́.

Bí ààwẹ̀ ṣe kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ni bill kan dé. Mo ń tò ó lọ, mo kàn rí orúkọ abúlé ìyá mi níbẹ̀, abúlé kan tó wà lẹ́yìn Àtàn. Wọ́n fẹ́ sọ ilẹ̀ etí odò ibẹ̀ di ibi tí wọ́n á máa da ìdọ̀tí ìgboro àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ sí. Ẹ gbọ́ mi o, odò tí wọ́n ń pọn mu ni, kò sí borehole níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mo ń sọ yìí, Bàbá la kàn máa ń pè é, odò yẹn ló fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ àti ìgbá rẹ̀, ẹ̀fọ́ àti ìgbá yẹn ló sì fi rán mi níléèwé títí mo fi jáde. Ṣé mo ṣe bí ẹni tí kò rí i ni? Rárá o! Ara mi gbóná. Mo sọ fún Alhaja pé kí wọ́n má rán ẹlòmíràn, abúlé wa ni, èmi ni màá gbé e lọ, màá sì ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá lẹ́sẹẹsẹ, torí òun ni àgbà abúlé látìgbà tí baálẹ̀ ti kú. Èmi náà ni mo yí bill yẹn sí Yorùbá. Mo sì yí i dáadáa, ẹni tó bá kà á á rò pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá dé tí mi ò lọ? Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí a ti ṣe fídáù Sàrátù ìyá mi, mi ò tíì dé abúlé mọ́, ó ti ń lọ sí ọdún méjì. Mo wá ń rò ó pé, nínú ààwẹ̀, èmi tí gbogbo wọn mọ̀ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro, ṣé ọwọ́ lásán ni màá gbé débẹ̀? Mo fẹ́ gbé páálí ṣúgà kan dání fún ìṣínu wọn, kí wọ́n lè sọ pé ọmọ Sàrátù dé. Mo ní kí owó oṣù wọlé ná. Mọ́ńdè, òjò. Túsìdeè, iṣẹ́ pọ̀. Ìwé yẹn ń wò mí lábẹ́ tábìlì, okùn sì wà lára rẹ̀...

Okùn yẹn ló ṣe mí báyìí. Ní ilé ìtẹ̀wé wa, ìdì ìwé tó bá ní okùn, iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn, ẹnì kan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá lókùn, bébà tó bàjẹ́ ni, ti Ìyá Kúdí ni. Ìyá Kúdí ló ń dín àkàrà ní ẹnu ọ̀nà wa, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá kó bébà tí a fẹ́ dànù, tí á sì máa fi pọ́n àkàrà. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹnì kan níbi iṣẹ́ ń fọ́nnu pé kò sí bí èèyàn ṣe lè fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ òfin kó já gaara. Kí ló kàn mí? Èmi ni mo fa ìdì yẹn jáde, mo tú okùn rẹ̀, mo mú ẹyọ kan, mo sì kà á sókè fún gbogbo wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí! Orí mi wú, mo ti ìdì náà padà sábẹ́ tábìlì, mi ò sì so okùn mọ́ ọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ra àkàrà lọ́wọ́ Ìyá Kúdí kí n lè fi ṣínu kí n tó wọkọ̀. Ládàánì pe ìrun, mo mu omi, mo tú àkàrà, epo ti mu bébà náà... mo rí orúkọ abúlé ìyá mi nínú epo. Mo rí Yorùbá mi. Mo sáré padà lọ bá a. Kò ju ìwé mẹ́ta lọ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ wà lábẹ́ ìkòkò. Ó wojú mi tìyanu-tìyanu, ó ní, “Aǹtí, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní tí ò bá ti lókùn, tèmi ni?” Òótọ́ ló sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọkọ̀, mo sì jẹ àkàrà náà tán, torí ebi ń pa mí.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ dé yẹn, ó ṣì rọrùn. Kí n kàn lọ bá Alhaja, kí n ní ẹ jọ̀ọ́ ma, àṣìṣe ni, ẹ jẹ́ ká tún un tẹ̀. Á pariwo díẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ṣé èmi? Èmi tí àṣìṣe kì í kọjá lójú mi? Èmi tí mo ní kí wọ́n má rán ẹlòmíràn? Mi ò lè fojú rí i kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ níbi iṣẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n fi bill pọ́n àkàrà. Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ gba fọ́ọ̀mù náà. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo èèyàn wà lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń gé bébà, mo fa fọ́ọ̀mù jáde, mo kọ orúkọ Bàbá síbẹ̀ ní kíkún, mo fa paadi yíǹkì sún mọ́ra, mo sì tẹ àtàǹpàkò mi síwájú orúkọ rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo fi epo kẹrosíìnì nu yíǹkì kúrò lọ́wọ́ mi. Mo ní Sátidé tó ń bọ̀ màá lọ sí abúlé, màá fi ẹnu sọ ọ́ fún Bàbá, ohun kan náà ni, ṣebí kí ó ṣáà ti mọ̀ ni?

Sátidé dé, mi ò lọ. Sátidé kejì, mi ò lọ. Mo rò ó pé bí mo bá débẹ̀ tí mo sọ̀rọ̀ bill, wọ́n á béèrè ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn wá ń wúwo sí i, mo sì ń gbé e sá kiri. A ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀ tán, ọjọ́ public hearing pé, ẹnikẹ́ni ò wá láti abúlé wa. Kí ni wọ́n á bá wá ṣe? Ta ló sọ fún wọn?

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá pè mí lórí fóònù. Ó ní àwọn kan dé etí odò, wọ́n fi okùn wọn ilẹ̀, wọ́n sì ri igi tí wọ́n kùn ní pupa mọ́lẹ̀, títí wọ inú oko òun. Ó ní ìwọ tó o wà níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìjọba, ṣé o ò rí nǹkankan nípa ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní rárá o Bàbá, mi ò rí nǹkankan. Ó ní kò burú, ó ní Ọlọ́run á máa ṣọ́ mi níbi iṣẹ́, ojú ò ní tì mí. Mo ní àmín.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ bill náà jábọ̀ nílé ìgbìmọ̀. Akọ̀wé fi àkọsílẹ̀ ìjókòó náà ránṣẹ́ sí mi bó ṣe máa ń ṣe. Èmi ni mo tò ó. Ó wà níbẹ̀ kedere pé àwọn ará abúlé gba ẹ̀dà àbádòfin náà, àgbà abúlé tẹ̀ka sí i, wọn kò sì ní ohunkóhun lòdì sí i. Mo fi ọwọ́ ara mi tẹ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ṣi orúkọ abúlé kọ, mo sì bá a tún un ṣe. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́... mo rí i pé àmì kan kù lórí orúkọ, mo fi í síbẹ̀, mo sì fi irọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Mi ò mọ̀ pé Bàbá ti gbéra. Nígbà tí ó rí i pé igi pupa ń pọ̀ sí i, ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ó wọ ọ̀kadà dé ilé ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀, ó ní kí ló dé tí ẹ fẹ́ da ìdọ̀tí sí odò wa láìsọ fún wa? Wọ́n fa fọ́ọ̀mù jáde fún un. Wọ́n ní Bàbá, orúkọ yín rèé, ìka yín rèé. Ó ní òun sọ fún wọn pé ìka òun kọ́. Ọkùnrin kan níbẹ̀ tún sọ fún un pé àgbà ló dé sí i, pé ó ti gbàgbé ni.

Àná, ọjọ́ Sọ́ńdè, Bàbá dé ilé mi ní Ọ̀tà. Ó gbé ìgbá àti gbágùúdá wá fún wa, bí ó ṣe máa ń ṣe. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ọkọ mi gbọ́, àwọn ará ilé wa tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gbọ́, gbogbo wọn péjọ. Inú ń bí ọkọ mi débi pé ó dìde dúró. Ó ní ẹni tó fi orúkọ àgbàlagbà ṣe irú nǹkan yìí, ọwọ́ tó fi tẹ̀ ẹ́ kò ní jẹ́ kó jèrè ọmọ. Gbogbo ilé ṣe àmín. Ọkọ mi ló ń ṣépè o, ọmọ tí a jọ bí ló ń ṣẹ́ ẹ lé lórí, kò sì mọ̀! Èmi náà ṣe àmín. Mo ní bí mi ò bá ṣe é, wọ́n á wò mí.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá wá sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wọn ti ṣèlérí pé lọ́la, ọjọ́ Túsìdeè, bí alága bá ti béèrè bóyá àṣìṣe wà nínú àkọsílẹ̀, òun á dìde, òun á ní ó wà, á sì ní kí wọ́n pe Bàbá wọlé. Torí pé Bàbá kì í tẹ̀ka. Ó ní àfi ọjọ́ ìbò, òun ò tẹ̀ka sí ìwé kankan mọ́ láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin ará, èmi ni mo kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ. Mo wà ní praímárì fáìfù, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, màá di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ọwọ́ líle yẹn, a ó máa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá a kọ, ó pa adìyẹ fún mi. Mo mọ̀ pé kì í tẹ̀ka! Ní àárọ̀ Mọ́ńdè yẹn mo mọ̀! Torí mi ò lè fara wé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mo ní ta ló máa wò ó, bàbá arúgbó abúlé ni wọ́n máa rò pé ó jẹ́. Èmi tí mo kọ́ ọ ni mo tún sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ̀wé níwájú ìjọba. Ó ní òun fẹ́ kí n bá òun lọ lọ́la, kí n dúró ti òun, kí n sọ fún wọn pé èmi ni tíṣà òun. Mo ní mo gbọ́, Bàbá.

Ẹ wá wo ibi tí mo wà. A ò tíì tẹ àkọsílẹ̀ yẹn, aago mẹ́ta la fẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ. Láàárọ̀ yìí, mo ti lọ dé orí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi wà lórí kọ̀ǹpútà, mo ní kí n pa á rẹ́, ta ló máa mọ̀? Mo tún fi í sílẹ̀. Mo ti fi irọ́ kan kún ìwé wọn, ṣé kí n tún lọ jí òótọ́ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kó? Bí mo bá lọ jẹ́wọ́ fún Alhaja báyìí, bill yẹn á dúró, odò wọn á ṣẹ́kù fún wọn, ó kéré tán títí wọ́n á fi gba ìwé tí wọ́n á sì lọ sọ tẹnu wọn. Àmọ́ iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ Alhaja, ó sì dájú, àwa mọ́kànlá là ń jẹun níbẹ̀. Alhaja tí kò jẹ́ kí n jókòó sílé nígbà tí mo bímọ, tó ní kí n máa gbé ọmọ wá! Ṣé wọn ò ní fọlọ́pàá mú mi ni? Ọkọ mi ńkọ́, pẹ̀lú èpè tó ti ṣẹ́? Bí mo bá sì dákẹ́, tí mo bá Bàbá lọ lọ́la, tí mo dúró síbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí, tí wọ́n ní ta wá ló tẹ̀ ẹ́... kí ni màá sọ? Bí mo bá sì ní ara mi ò yá, tí Bàbá dá lọ, tí wọ́n tún ní àgbà ló ń dà á láàmú ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ sọ ẹni tí kí n kọ́kọ́ sọ fún, ṣé Alhaja ni àbí Bàbá. Ẹ sọ bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí, kò lọ síbi iṣẹ́ lónìí, òun àti Bàbá ni wọ́n jọ wà nílé. Ó ní Bàbá ti ra ìwé kíkọ kan, láti àárọ̀ ló ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń kọ orúkọ rẹ̀, ó ti kọ ọ́ kún ojú-ewé mẹ́rin, torí kí ọwọ́ òun má baà gbọ̀n níwájú wọn lọ́la kí ó wá dójú ti tíṣà òun.